Ọkọ̀ Àgbà Máa Ń Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ẹ́ńjìnì àti Gíà Peugeot 504 Nílé

  Ní sáà yìí, wọ́n ní kí oníkálukú wa mú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe nílé wọn, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn kan ti kọ nípa aṣọ òfì, àwọn kan ti kọ nípa bí a ṣe ń rokà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni èmi mú. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni ọmọbìnrin ń wá nídìí mọ́tò. Ẹ ka èyí tán ná, ẹ ó rí ohun tí mo ń wá níbẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Peugeot 504. Kì í ṣe àjèjì sí àwa tí à ń gbé Kàdúná. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbí, ní Kàdúná wa yìí. Nígbà tí àwọn Faransé ti dẹ́kun ṣíṣe 504 ní ilẹ̀ wọn, Kàdúná ṣì ń tò ó, títí tó fi kọjá ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i káàkiri ìlú títí di òní.

Tiwa nílé ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nọ́ńbà márùn-ún ló wà níbi tó ti ń ka kìlómítà. Tó bá ti ka 99,999 tán, á padà sí òdo. Bàbá mi ní ó ti yípo báyẹn lẹ́ẹ̀mejì lójú òun. Ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ó ń dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi: ọkọ̀ àgbà kì í ṣàdédé kú. Ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó dákẹ́. Ẹni tó bá fetí sí i, tó sì kọ́kọ́ wo ohun kékeré tí kò wọ́n, kò ní tú ohun ńlá tó wọ́n láìnídìí.

BÁWO NI Ẹ́ŃJÌNÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ààrò àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀. Iná ò lè jó níbẹ̀ àfi tí igi bá wà, tí atẹ́gùn bá ráyè wọlé, tí a sì ṣá ìṣáná sí i. Ohun mẹ́ta yẹn náà ni ẹ́ńjìnì ń fẹ́. Epo bẹntiróò ni igi rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba inú fílítà wọlé. Pílọ́ọ̀gì ni ìṣáná rẹ̀. Kábúrétọ̀ ló ń po epo àti atẹ́gùn pọ̀ bí ẹni ń po ẹ̀kọ, kó má ki jù, kó má sì ṣàn jù.

Nínú ẹ́ńjìnì 504 tó ń lo bẹntiróò, odó mẹ́rin ló tò sí ìlà kan. Àwọn ni wọ́n ń pè ní sílíńdà. Odó kọ̀ọ̀kan ní ọmọ odó tirẹ̀ tó bá a mu wẹ́kú, ìyẹn písítìnì. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ń ṣe:

Èkíní, á sọ̀kalẹ̀, á fa epo àti atẹ́gùn tí kábúrétọ̀ pò wọlé.

Èkejì, á gòkè, á fún wọn pọ̀ títí ààyè fi há.

Ẹ̀kẹta, pílọ́ọ̀gì á ṣáná, gbogbo rẹ̀ á gbiná, agbára iná yẹn á sì ti ọmọ odó sísàlẹ̀. Ibí yìí nìkan ni agbára ti ń jáde o. Àwọn mẹ́ta yòókù, ìmúra àti ìgbálẹ̀ lásán ni.

Ẹ̀kẹrin, á tún gòkè, á lé èéfín jáde gba inú sàlẹ́ǹsà.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn ni: 1, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2. Tí ẹnì kan bá yọ wáyà pílọ́ọ̀gì, tó wá fi èyí tó yẹ kó wà lórí 3 sórí 2, ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́ ni, tàbí kó má tilẹ̀ dáhùn rárá.

Lórí odó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìdérí wọn wà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Gásíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín odó àti ìdérí kí ohunkóhun má baà jò. Omi ń ṣàn yí àwọn odó náà ká láti mú wọn tutù. Ọ́ìlì ń ṣàn láàárín irin àti irin kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Tí omi bá tán, ẹ́ńjìnì á jóná. Tí ọ́ìlì bá tán, ẹ́ńjìnì á jẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń wo méjèèjì láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó tẹ́jú. Bíi líítà 4 ni ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì wa. Lẹ́yìn 5,000 kìlómítà, bàbá mi á yọ gbogbo rẹ̀ dànù sínú kẹ́ẹ̀gì, á pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì, á sì da tuntun sí i.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ Ń SỌ

Èéfín ni àkọ́kọ́. Tí èéfín bá dúdú, epo bẹntiróò ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo fílítà atẹ́gùn. Gbogbo wa mọ bí eruku ṣe máa ń rí níbí tí ọyẹ́ bá dé. Eruku tó ń di imú wa náà ló ń di imú ọkọ̀. Tí èéfín bá funfun díẹ̀ láàárọ̀, tó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrì ni, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá funfun tí kò lọ, tí omi rẹdiétọ̀ sì ń dín kù, omi ti ń wọ inú odó nìyẹn. Tó bá fẹ́ jọ àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ọkọ̀ àgbà tó ń jó ọ́ìlì díẹ̀ ṣì lè pẹ́ láyé, àfi kí olówó rẹ̀ má gbàgbé láti máa bù kún un.

Ariwo ni èkejì. Ìró "tik-tik-tik" lókè ẹ́ńjìnì lè jẹ́ pé àlàfo fááfù ti fẹ̀ jù, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún un ṣe. Ìró "gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀" tó wúwo láti ìsàlẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ ni o. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò. Ìró yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń sọ tí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnì ti "nọ́ọ̀kì".

Òórùn ni ẹ̀kẹta. Òórùn bẹntiróò túmọ̀ sí pé ọ̀pá epo ti ń jò, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí. Òórùn bíi ti ìjánu tó jóná lè jẹ́ ti kílọ́ọ̀ṣì, màá sọ èyí níwájú.

TÍ ẸJÌ BÁ Ń GBÓNÁ JÙ: TA NI KÁ KỌ́KỌ́ MÚ?

Gbígbóná ni ọ̀tá ńlá fún 504. Irin ni odó rẹ̀, ṣùgbọ́n álúmíníọ́ọ̀mù ni ìdérí rẹ̀. Álúmíníọ́ọ̀mù ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná. Tó bá wá gbóná kọjá àlà, ìdérí náà á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi àti ọ́ìlì á pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé.

Ní ọlidé Àjíǹde, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa nìyí. Ọkọ̀ yẹn ni ìyá mi fi ń kó alùbọ́sà àti ata gbígbẹ lọ sọ́jà ní gbogbo Sátidé, òun náà ni bàbá mi ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ooru oṣù yẹn mú gan-an. Ọ̀pá tó ń fi gbígbóná hàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sínú pupa. Mẹkáníìkì kan wò ó, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ìdérí ti wọ́, ẹ́ńjìnì ti gbó, kí bàbá mi lọ ra ẹ́ńjìnì àlòkù. Iye tó dá lé e ju owó ilé-ìwé mi fún ọdún kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ tí ìyá mi ń bi bàbá mi pé, "Owó ilé-ìwé ọmọ yìí wá ńkọ́?" Bàbá mi ò dáhùn. Wọ́n ti ń rò ó pé bóyá kí n kúrò ní bọ́dìn fún sáà kan, kí n máa ti ilé wá.

Bàbá àgbà Hausa kan wà ládùúgbò wa tó ti ń tún Peugeot ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi pè wọ́n. Wọn ò mú sípánà kankan dání. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi bàbá mi: "A tsaye ne, ko a tafiya?" Ìyẹn ni pé, ṣé ìgbà tó bá dúró ló ń gbóná ni, àbí ìgbà tó bá ń rìn?

Bàbá mi ní tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa ń gbóná. Tó bá ti bọ́ sójú títì tó ń sáré, á rọlẹ̀.

Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ti lágbára tó! Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rẹdiétọ̀. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà ìdúró nìkan ló ń gbóná, fáànù ni ká kọ́kọ́ mú, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì.

Fáànù irú 504 tiwa ní ọgbọ́n kan nínú. Kì í fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́líìtì ń yí ibi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n fáànù fúnra rẹ̀ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìlágbára. Tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, síwíìṣì kékeré kan á jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá sí mágínẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì á gbá fáànù mú, "kọ́!", fáànù á wá máa fẹ́ gidi. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, tó dúdú bí èédú, ló ń gbé iná yẹn dé ara mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí. Ó ń fara kàn án ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà fi ń kọ̀wé.

Bàbá àgbà ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kó tutù. Wọ́n mú wáyà láti orí bàtìrì, wọ́n fi kan wáyà búrọ́ọ̀ṣì. Kò sí "kọ́". Wọ́n yọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti jẹ tán, kò kan nǹkan kan mọ́! Wọ́n wá wo ẹ̀rí gásíkẹ́ẹ̀tì kí ọkàn bàbá mi lè balẹ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, nítorí ohun mẹ́ta ni wọ́n wò:

Ṣé ọ́ìlì ti di bíi kókó tí wọ́n da mílíìkì sí? Rárá. Ọ́ìlì mọ́ bó ṣe yẹ.

Ṣé omi rẹdiétọ̀ ń hó wálawàla bí ẹ́ńjìnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn, tí kò tíì gbóná? Rárá.

Ṣé èéfín funfun ń jáde láìdáwọ́ dúró? Rárá.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Wọ́n fi wáyà kàn án, "kọ́!" Owó búrọ́ọ̀ṣì náà ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n tan ẹ́ńjìnì, a jókòó tì í nínú oòrùn títí fáànù fi gbá mú fúnra rẹ̀. Ọ̀pá gbígbóná ò dé pupa mọ́. Èmi náà ṣì wà ní bọ́dìn.

Ẹ má rò pé fáànù ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo o. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tó ń rìn, ẹ wo omi, rẹdiétọ̀ tó dí, bẹ́líìtì tó dẹ̀, àti tẹmosítáàtì tó kọ̀ láti ṣí. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹmosítáàtì jù nù pátápátá. Kò dáa. Ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ.

IṢÁNÁ: PÍLỌ́Ọ̀GÌ ÀTI KỌ́ŃTÁÀTÌ

Èyí ni iṣẹ́ tó rọrùn jù nílé. Tí ọkọ̀ bá ń wúkọ́, tí kò fẹ́ gòkè, tó ń jẹ epo jù, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Kí ẹ́ńjìnì ti tutù o. Ẹ yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi bébà lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn kó má baà dàrú. Ẹ to pílọ́ọ̀gì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnì, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ìròyìn odó tirẹ̀.

Tí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi ti bisikíìtì, odó yẹn ń jó dáadáa. Tó bá dúdú bí àgbọ́nrún ìkòkò, tó sì gbẹ, epo pọ̀ jù. Tó bá dúdú tó tún ń yọ̀, ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá funfun gbòò, odó yẹn ń gbóná jù tàbí atẹ́gùn pọ̀ jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Bíi mílímítà 0.6 ni ìwé ọkọ̀ wa sọ.

Lẹ́yìn pílọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì ló kàn, nínú dísítíríbútọ̀. Ẹnu irin kékeré méjì ni. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń yà, léraléra. Ìgbà tí wọ́n bá yà ni kọ́ìlì máa ń sọ iná ńlá lọ sí pílọ́ọ̀gì. Tí ẹnu wọn bá ti jóná, tàbí tí wọn ò yà tó, iná á rọ. Mílímítà 0.4 ni àlàfo tiwọn. Bàbá mi á fi páálí líle nu ẹnu wọn, á wọ̀n ọ́n, á sì dé e pa dà. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni.

GÍÀ, KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ ÀTI ṢÁÀFÙ

Agbára tí ẹ́ńjìnì rí, báwo ló ṣe ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀? Ní 504, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Agbára á kọjá lára kílọ́ọ̀ṣì, á wọ inú gíà, á gba ara ṣáàfù gígùn kan tó ń yí nínú ọ̀pá ńlá lábẹ́ ọkọ̀, á dé dífù lẹ́yìn, dífù á wá pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ tó ń di ẹ́ńjìnì àti gíà pọ̀. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yẹn á tú, a ó lè pààrọ̀ gíà. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ tó lọ wọ́ọ́rọ́ sísàlẹ̀, tí gíà sì ń ké "gárárá" kó tó wọlé, ẹ má sáré sọ gíà kalẹ̀. Omi bíréèkì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa lọ síbẹ̀, láti sílíńdà kékeré kan lókè dé òmíràn lẹ́bàá gíà. Ẹ wo ìgò omi rẹ̀. Ẹ wo bóyá ibì kan ń rin. Rọ́bà inú àwọn sílíńdà yẹn ló sábà máa ń gbó, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibi tí omi ti ń jò jáde náà ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, atẹ́gùn yẹn ló sì ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rọ́bà, a gbọ́dọ̀ lé atẹ́gùn jáde. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, èmi ni igbákejì bàbá mi. Màá jókòó síwájú, bàbá mi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Tí wọ́n bá ní "Tẹ̀ ẹ́!", màá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, màá dì í mú. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì kékeré, omi àti atẹ́gùn á tú jáde. Wọ́n á dè é pa dà kí wọ́n tó ní "Gbé ẹsẹ̀!" Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dè é, atẹ́gùn á tún wọlé, gbogbo iṣẹ́ á bàjẹ́. A ó máa ṣe é báyẹn, a ó máa bu omi kún ìgò, títí tí omi yóò fi máa jáde láìsí ìfófòó. Omi bíréèkì nìkan ni kí ẹ lò o. Tí ẹnikẹ́ni bá da ọ́ìlì sí i, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú.

Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí ọkọ̀ ò sáré, tí òórùn nǹkan tó jóná sì ń jáde, awo kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló ti jẹ tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé gíà sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: irú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni gíà 504 ń lò. Ọ́ìlì tó nípọn gan-an, dífù ẹ̀yìn ló ni ín. Ẹ má pààrọ̀ ipò wọn. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó dà á.

Tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí gíà, tó dún "gbọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀kan lábẹ́, oríkèé ṣáàfù lè ti gbó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú ṣáàfù, ẹ wo síítì ẹ́ńjìnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé. Tí rọ́bà yẹn bá ti ya, ẹ́ńjìnì á máa fò lórí ìjókòó rẹ̀, á sì dún bákan náà. Síítì rọrùn ju ṣáàfù lọ láti pààrọ̀. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ kan náà la ń sọ: ohun kékeré ni ká kọ́kọ́ wò.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Á ṢE

Mo bẹ yín, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ tó gbóná. Omi inú rẹ̀ á tú síni lójú, á bó ni.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ gbé irin ìdúró sí i, kí ẹ fi òkúta há táyà tó kù sílẹ̀. Jáàkì lè yọ̀ nígbàkigbà. Èmi kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá, bàbá mi ò gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ tú ohun tó ní iná, ẹ kọ́kọ́ yọ orí bàtìrì tó ní àmì ìyọkúrò.

Ẹ má gbé ọwọ́, irun tàbí ìborùn sún mọ́ fáànù tó ń yí.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnì nínú gáréèjì tó ti ilẹ̀kùn. Èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó tó kìlọ̀.

Ẹ má sì ṣe èyíkéyìí láìsí àgbàlagbà nítòsí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌWÉ KÉKERÉ INÚ ỌKỌ̀

Bàbá mi ní ìwé kékeré kan tó máa ń wà nínú ọkọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí ọkọ̀ sọ, ohun tí wọ́n pààrọ̀, àti iye tí wọ́n rà á. Láti ọlidé yẹn, èmi ni akọ̀wé ìwé náà. Ó wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí mẹkáníìkì kan bá ní kí a ra ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìwé á jẹ́rìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí a rí àìsàn ọkọ̀ nígbà tó ṣì kéré.

Mi ò sọ pé gbogbo mẹkáníìkì ló burú o. Ẹni tó bá ti dé Panteka rí mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí lè sọ irin àtijọ́ di tuntun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi mẹkáníìkì, owó rẹ̀ ò ní ṣòfò.

Tí a bá lọ ọlidé, ẹ bi àwọn òbí yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: Nígbà wo la pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn? Àwọ̀ wo ni èéfín ọkọ̀ wa ń yọ? Ṣé ìgbà tó bá dúró ló ń gbóná ni, àbí ìgbà tó bá ń rìn? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé wa. Odó, ọmọ odó, ìdérí odó àti oríkèé ṣáàfù ni mo pe àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ní Yorùbá. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dáa ju èyí lọ, kó mú òun náà bọ̀, ká jọ jiyàn lé e lórí.